Koríko Tó Fẹ́ràn Oòrùn: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ gbin koríko sí iwájú ilé, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "O fẹ́ gbin kí ni?" Wọn kò bínú, ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ọkọ́ lé koríko kúrò lẹ́bàá ilé kí ejò má baà rí ibi sá pamọ́ sí, tí wọ́n á sì fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ títí tí á fi máa dán. Ọmọ wọn wá fẹ́ fi owó ra ohun tí wọ́n ń fi agbára lé lọ.

Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé wa ní Ìbàdàn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò sì ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ débi pé ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà ti ń yọjú. Ẹnìkan ní kí n fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti rí bí íńtálọ́ọ̀kì ṣe ń gbóná lọ́sàn-án, mo sì ti rí bí omi orí rẹ̀ ṣe ń ya wọ ilé aládùúgbò. Koríko ni mo yàn. Ó di ọdún kẹfà báyìí, àṣìṣe mi inú rẹ̀ kò sì kéré. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni pé mo ń kẹ́ ẹ. Koríko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ ìkẹ́. Oòrùn ló ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ kí a máa gé e. Nínú gbogbo èyí tí mo ti rí tí ó kú, díẹ̀ ni òùngbẹ pa.

Ẹ mọ̀ ọ́n lára àwọn ìbátan rẹ̀

Bahama ni àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ń pè é. Bermuda ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, Cynodon dactylon sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Erékùṣù méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ọmọ ìkankan nínú méjèèjì; ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí wà lára ibi tí ó ti ń hù láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ìwé rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣubú lé e lórí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tí eérú díẹ̀ bà lé. Okùn rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì lè ta gbòǹgbò tirẹ̀; òmíràn tún ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí ó bá yọ òdòdó, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹ ó rí tí ó la ìka bíi mẹ́ta sí méje lórí. Ibí ni gbẹ́gi ti ń tan èèyàn jẹ, nítorí òun náà ń la ìka. Ṣùgbọ́n gbẹ́gi kì í rá. Ojú kan ló ń dúró sí, ìdí rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fà á wò: apá lè ro yín kí ó tó tu. Bí ẹ bá rí i nínú àpò koríko tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ṣà á dànù kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí wọ́n ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì yàtọ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ìka ọwọ́, ó sì lè fara da òjìji. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ igi ni gbogbo ilẹ̀ yín wà, òun ni kí ẹ gbìn, kí ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn irú kan tún wà tí wọ́n mú jáde nípa pípa Bahama pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ láti gúúsù Áfíríkà. Tifway 419, tí Glenn Burton gbé jáde ní ìlú Tifton ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1960, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, pàápàá lórí pápá ìṣeré. Ó ki pọ̀ bí irun àgùntàn, ó sì rẹwà, àmọ́ kì í so èso tó lè hù. Ẹni tó bá ń ta irúgbìn Tifway 419 fún yín nínú ọ̀rá, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ wá oòrùn kí ẹ tó wá koríko

Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lára koríko yìí fún wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán; wákàtí 8 ló bá a lára mu jù. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ọjọ́ Sátidé kan, mo kó òkúta wẹẹrẹ sínú abọ́, mo sì jáde ní aago mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, méjì àti mẹ́rin. Nígbà kọ̀ọ̀kan, mo to òkúta sí ibi tí òjìji ilé, ògiri àti igi parí sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ya àwòrán ara rẹ̀ fún mi.

Ohun kan wà tí Sátidé kan ṣoṣo kò lè fi hàn yín. Ní agbègbè wa níbí, oòrùn kì í gba ojú kan kọjá láti January dé December. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, apá àríwá ló máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Tó bá di oṣù kejìlá, á ti lọ sí apá gúúsù pátápátá. Ògiri tó ga ní mítà 3 lè ju òjìji tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 sí apá àríwá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn ti máa ń pọ́n ibẹ̀ kanlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ibi tí ẹ rí oòrùn lónìí, ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí ẹ tó náwó sí i.

Igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa. Mo gbin Bahama sí abẹ́ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì hù. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ọrùn rẹ̀ dojú kọ ìta bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé wo eégún. Mo bu omi sí i, mo bu ajílẹ̀ sí i. Kí ọyẹ́ tó dé, ilẹ̀ pupa ló kù. Òkúta àti ìkòkò òdòdó ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ilẹ̀

Iwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì tó ti gan, ìṣó àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún abẹ́ rẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ jinlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Bí ẹ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ má gbin ohunkóhun títí ẹ ó fi rẹ́yìn rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tó mú ṣóńṣó yẹn á gba àárín koríko yín jáde, kò sì ní sí bí ẹ ó ṣe yọ ọ́ láìtú gbogbo rẹ̀ ká. Oògùn apakoríko tó ní glyphosate nínú lè pa á tí ẹ bá fín in nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tútù, tí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kọ ilẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ẹ dí imú, kí ẹ má sì fín in nítòsí kànga. Ẹni tí kò bá fẹ́ oògùn, kí ó mú ọkọ́ àti sùúrù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà kí ó dà kúrò lára ilé: sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ fi okùn bíríkìlà wò ó. Ibi tí omi bá ti ń dá rogún, koríko yìí kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀ ààtàn tó ti jẹrà, kí ẹ tẹ́ ẹ nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ sì rò ó pọ̀, ti tó. Ìgbẹ́ adìẹ náà dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹrà fún bíi oṣù mẹ́ta ni, ìkúnwọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì ti tó fún mítà kan níbùú lóòró. Èyí tó ṣì tútù ni mo dà sí tèmi. Eṣinṣin gba ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, okùn koríko tí mo sì gbìn jó láti ìdí.

Mo tún ra típà ilẹ̀ dúdú kan. Ó dúdú lóòótọ́. Ọjọ́ kẹwàá ni ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tó dà bí koríko, tó ń dán, tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí ẹ bá fi ìka yí i, tí kókó dúdú wẹẹrẹ sì so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá fa ewé, kókó á kù sílẹ̀, á sì tún hù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jà. Látìgbà náà, ilẹ̀ tí mo bá rà, inú páànù mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí. Màá bu omi wọ́n ọn, màá gbé e sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, màá sì wo ohun tí yóò hù. Ẹ lè ṣe irú èyí sí gbogbo ilẹ̀ yín pàápàá. Ẹ tẹ́ ẹ tán, ẹ bomi rin ín, ẹ jẹ́ kí èpò inú rẹ̀ hù, kí ẹ sá a lórí pẹ̀lú ọkọ́ láìwalẹ̀ jìn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbígbìn

Láti ìparí oṣù kẹrin dé oṣù keje ló dára jù, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ẹni tí oṣù keje bá ré kọjá lórí rẹ̀, kí ó dúró di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá padà. Ẹ má gbìn ín lẹ́nu ọ̀nà ọyẹ́.

Irúgbìn wà lọ́jà, gíráàmù 5 sí 10 sì tó fún mítà kan níbùú lóòró. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn kí ẹ tó fọ́n ọn, nítorí ó kéré ju ọkà bàbà lọ jìnnà, atẹ́gùn á gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń hù, bí adìẹ aládùúgbò bá gbà. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Okùn ni mo fẹ́ràn.

Ẹ ra àpò kan tàbí méjì, tàbí kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ní. Ẹ já okùn náà sí ègé bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Kí ègé kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ fi àpò tútù bò ó sí ibi tí ooru kò ti mú, nítorí wákàtí kan péré nínú oòrùn ti tó láti sọ ọ́ di koríko gbígbẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá já a ni kí ẹ gbìn ín.

Ẹ fi etí ọkọ́ fa poro tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí poro kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ to ègé sínú rẹ̀ ní gbọọrọ, kí ìdí kan máa súnmọ́ orí èkejì, kí ẹ sì rí i pé oríkèé méjì wọ ilẹ̀, kí ewé díẹ̀ yọ sókè. Ẹ wọ́ ilẹ̀ bò ó, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lé e lórí dáadáa. Títẹ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń háyà kì í fẹ́ ṣe. Bí ilẹ̀ kò bá fún mọ́ oríkèé, gbòǹgbò kì í jáde. Bí ẹ bá ti parí poro mẹ́ta, ẹ bomi rin ín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, gbogbo rẹ̀ á pọ́n, ẹ ó sì rò pé ó ti kú. Ẹ fi ìka tú ẹyọ kan wò. Bí ẹ bá rí fọ́nrán funfun kan tó tín-ín-rín bí òwú tó ń yọ lójú oríkèé, ẹ dá ilẹ̀ padà kí ẹ lọ jókòó. Nínú òjò tó dára, oṣù méjì sí mẹ́ta ni poro kan ń fi bá èkejì.

Omi

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí òjò kò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ já a lẹ́nu ọmú: kí omi máa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àlàfo sì máa gùn, kí gbòǹgbò lè wálẹ̀ lọ wá tirẹ̀.

Koríko tó ti dàgbà ń fẹ́ omi bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́sẹ̀ kan. Ẹ to agolo sàdíìnì òfìfo sórí rẹ̀ nígbà tí họ́ọ̀sì bá ń wọ́n omi, kí ẹ wo ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Ní ìgbà òjò, Ọlọ́run ló ń san owó yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10 á gba lítà 2,500 lọ́sẹ̀, ìyẹn kéègì onílítà 25 ọgọ́rùn-ún. Níbi tí èèyàn ti ń to kéègì sídìí kànga nítorí omi mímu, ojú ń tì mí láti dà á sí koríko. Mo ń jẹ́ kí tèmi pọ́n. Kò kú, oorun ló ń sùn. Bí mo bá wọ́n omi díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, okùn abẹ́ ilẹ̀ á wà láàyè, òjò méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta á sì sọ ọ́ di tútù padà.

Gígé

Ẹ kúnlẹ̀ sí ibi tí koríko Bahama ti ga tó ìka márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì là á sí méjì bí ẹni tó fẹ́ dirun fún ọmọ. Òkè nìkan ló tutù. Ìsàlẹ̀ kò ní ewé, igi gbígbẹ aláwọ̀ ẹ̀kọ gbígbóná ni. Bí ẹ bá wá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ gé e mọ́lẹ̀, gbogbo ewé tó fi ń jẹun lẹ ti gé dànù, ilẹ̀ á sì funfun bí orí afárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn èèyàn á ní ọ̀bẹ ẹ̀rọ ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ dídúró pẹ́ ló bà á jẹ́.

Nítorí náà, òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ gé e nígbà tó bá di 6. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó gbin ilẹ̀ kékeré. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe ń gé e tó ló ṣe ń ya ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ tó, ìyẹn ló sì ń mú un ki.

Bí ó bá ti ga jù, tó bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gé e wálẹ̀ ní ìpele: díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, díẹ̀ sí i.

Àwa tí a fi láńgaláńga gé pápá nílé-ìwé mọ bí irin pẹlẹbẹ yẹn ṣe ń já koríko láìgé e. Ojú ibi tí ó ti já a máa ń funfun, ó sì ń ṣe yẹ́púyẹ́pú. Ẹ̀rọ tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti kú ń ṣe bákan náà. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ náà. Àgékù kéékèèké, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, á jẹrà di oúnjẹ. Bí ó bá ṣù jọ bíi ìtẹ́ ẹyẹ ni kí ẹ kó o.

Oúnjẹ rẹ̀

Kílò 3 ajílẹ̀ òyìnbó 15-15-15 tó fún ilẹ̀ mítà 10 sí 10, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹfà, àti lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ojú bù ú. Ẹ fọ́n ọn nígbà tí ewé bá gbẹ, kí ẹ sì wọ́n omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má baà jó o. Bí koríko yín bá rẹ̀ dòdò láwọ̀, tí ó sì ń yọ òdòdó oníka ní rẹpẹtẹ, ebi lè máa pa á. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fún un ní nǹkan kan.

Àwọn tó ń bá a jà, àti àwọn tí òun náà ń bá jà

Lẹ́yìn òjò ni kí ẹ fa èpò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀: imí-eṣú, patanmọ́, gbẹ́gi. Bí ẹ bá rí i tí ojú kan ń pọ́n láìnídìí, tí ẹyẹ sì ń ṣà á láràárọ̀, ẹ po ṣíbí ọṣẹ ìfọbọ́ méjì mọ́ omi lítà 4, kí ẹ dà á sí mítà kan níbùú lóòró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, á rá jáde. Bí kò bá sí, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí kòkòrò, kí ẹ wo omi tàbí ilẹ̀.

Ní ti òun fúnra rẹ̀, olè ni. Ó wọ inú ewúro mi, ó gba abẹ́ ògiri lọ sí oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, ẹni yẹn kò sì kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ṣọ́bìrì gé etí rẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kí ẹ ri búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ yí i ká, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Okùn tí ẹ bá yọ, ẹ má jù ú sí oko. Gbogbo ègé ló lè hù. Ẹ sá a gbẹ lórí kọnkéré ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìnáwó. Kánọ́pì kì í pa á, kódà bí ó bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àga àti bàtà kò ṣe é ní nǹkan kan. Iná ìdáná ló ń pa á, àti òróró gbígbóná. Nígbà ìkómọ kan nílé wa, àwọn alásè gbé agbada kúrò lórí àdògán, wọ́n sì da ìyókù òróró sórí koríko mi láìwẹ̀yìn. Mi ò lè bínú lọ́jọ́ ìkómọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo wa gbogbo ilẹ̀ tí òróró mu kúrò, ó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì, mo bu ilẹ̀ ààtàn dí i, mo gé ègé koríko mẹ́rin tó tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì géètì, tòun ti ilẹ̀ ìdí wọn, mo sì tẹ̀ wọ́n wọlé kí ojú wọn bá ti ìyókù dọ́gba. Ìyá mi dúró lójú ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo ń wá omi, àwọn ni wọ́n gbé kẹ́ẹ̀tù wá, wọ́n sì ń rọra da omi rẹ̀ sí i.